Pípe Ọ̀nà fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń fi kẹ̀kẹ́ kó epo pupa láti Igbotako wá sí Òkìtìpupa, iwájú ni mo máa ń wà. Ẹni tí kò mọ̀ wá lè rò pé ipò iyì ni. Ẹ̀rù ló gbé mi débẹ̀. Mi ò lè fara da kí nǹkan tí mi ò rí máa bọ̀ lẹ́yìn mi. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbéra, gbogbo ìgbà tí ewé bá ti mì ni mò ń yí ọrùn padà, títí mo fi gun kẹ̀kẹ́ wọ inú oko ẹ̀gẹ́ olóko. Ẹ̀gbọ́n mi kò bú mi. Ó bá mi gbé kẹ̀kẹ́ dìde, ó ní kí n máa lọ níwájú, kí n má bojú wẹ̀yìn mọ́, òun á máa bá mi ṣọ́ ọ.

Kẹ́ẹ̀gì epo la máa ń dì mọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì, a ó sì tún gbé òmíràn lé àárín. Bí a bá ti dì í tán, ẹni ẹ̀yìn kò rí nǹkan kan níwájú mọ́ ju epo ẹnì kejì rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ náà fi máa ń pe ọ̀nà. Ẹni iwájú á máa ké ohun tó rí: kòtò lọ́tùn-ún, iyanrìn, ewúrẹ́, afárá rèé, ẹ rọra. Ẹni ẹ̀yìn á máa ké ohun tó gbọ́: ọkọ̀ ń bọ̀, yà sí koríko. Ẹni iwájú ni ojú, ẹni ẹ̀yìn ni etí. Èmi ni ojú ẹ̀gbọ́n mi láti ìgbà tí ojú tirẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ kedere.

Bí ẹ̀rù bá sì mú mi, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi í láìyí ọrùn padà. Màá ní, "Ẹ̀yìn ńkọ́?" Á ní, "Ẹ̀yìn mọ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti jókòó gbọ́ ìwàásù tó gba gbogbo òwúrọ̀ tí kò fi mí lọ́kàn balẹ̀ tó ọ̀rọ̀ méjì yẹn.

Kò sí ẹni tó ń ka máìlì nínú wa. Ọmọ Aládùúrà ni wá, orin ìjọ la fi ń gun kẹ̀kẹ́. Òkè kan wà lọ́nà náà tí a máa ń fi orin ìrònúpìwàdà gùn, tí a bá wá dé orí rẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀, orin a di ti ọpẹ́. Ní ti eré, epo ló ń bá wa wọ̀n ọ́n. Bí epo bá ń dún gbulu-gbulu nínú kẹ́ẹ̀gì, a ti ń sáré jù. Bí kò bá dún rárá, ẹnì kan nínú wa ti ń sùn lórí kẹ̀kẹ́ nìyẹn, ẹni náà kì í sábà jẹ́ èmi, nítorí ojo kì í sùn.

Ọ̀kadà ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn náà píkáàpù gbà á lọ́wọ́ ọ̀kadà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sí Igbotako, ó ń dáko ẹ̀gẹ́, ó sì ní ọ̀pẹ díẹ̀. Èmi ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Òkìtìpupa, mò ń ta ìṣó, okùn àti àgádágodo. Ìyàwó mi máa ń sọ pé kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé àgádágodo ni ojo ń tà. Mo ta gbogbo ohun èlò epo tí mo ní, ó ku kẹ̀kẹ́ nìkan. Kò sí ẹni tó fẹ́ rà á náà ni, ṣùgbọ́n bó bá tilẹ̀ wà, mi ò ní tà á.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi kò lọ lójijì. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń ráhùn pé àwọn èèyàn ń yọ sí òun láti ẹ̀gbẹ́ láìkí òun, a sì rò pé ọjọ́ orí ló ń mú kó máa bínú. Kí a tó mọ̀, ohun tó ń rí kò ju ohun tí èèyàn lè rí láti inú ihò kọ́kọ́rọ́ lọ. Nígbà tó yá, ihò náà dí. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò lè padà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú ìgbà náà. Obìnrin ìjọ wa kan tí ilé rẹ̀ fara kan tirẹ̀ ló ń bá a se oúnjẹ.

Sátidé ni mo máa ń lọ wò ó. Mo lè wọ ọ̀kadà. Mo wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo di ojú láti Òkìtìpupa títí a fi dé, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sì bi mí ohun tí mo rí lọ́nà, mo ní àánú Ọlọ́run ni mo rí. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ìdáhùn tó ń retí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn lọ.

Bí mo bá dé iwájú ilé, màá lu aago kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Á ké látinú ilé pé, "Ta ló ń bọ̀ níwájú?" Màá ní, "Èmi ni. Ẹ̀yìn ńkọ́?" Á ní, "Ẹ̀yìn mọ́." Nígbà náà ni màá tó wọlé, màá dọ̀bálẹ̀. Ó máa ń na ọwọ́ wá orí mi láti mọ̀ bóyá mo dé ilẹ̀ lóòótọ́, nítorí ó mọ̀ mí. Màá mu omi, màá sì pe ọ̀nà fún un láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi títí dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀: ibi tí kòtò tuntun ti là, ibi tí wọ́n ti ń fi èéfín yan ẹ̀gẹ́ púpurù, bí omi abẹ́ afárá ti ga tó, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí onílé kò tíì rí páànù fi bò láti ọdún mélòó kan wá. Bí mo bá ti ń sọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yí lórí ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, òsì, bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Bí mo bá dé òkè, ẹsẹ̀ náà á wúwo. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, á dúró jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ló mú kìlómítà wọ ọ̀rọ̀ wa. Ó wá kí bàbá rẹ̀ nígbà ọdún Àjíǹde, ó bá mi níbẹ̀, ó sì wo kẹ̀kẹ́ mi bí ìgbà tí èèyàn ń wo ajá tó lè géni jẹ. Ó ní ọkọ̀ ti pọ̀ jù lọ́nà, pé bí mo bá ṣubú, ta ni yóò mọ̀. Mo ní èmi náà ti ń bi ara mi léèrè bẹ́ẹ̀. Ó gba fóònù mi, ó fi nǹkan kan sínú rẹ̀ tí yóò máa fi ibi tí mo wà hàn án lórí fóònù tirẹ̀, tí yóò sì máa sọ bí mo ti rìn jìnnà tó àti bí mo ti ń sáré tó.

Mi ò mọ̀ pé nígbà tó ní yóò máa sọ ọ́, ẹnu ni yóò fi sọ ọ́. Bí mo bá ti gun kìlómítà kan tán, obìnrin kan á sọ̀rọ̀ ní òyìnbó látinú àpò àyà mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Òyìnbó obìnrin náà ń gba imú jáde, nọ́ńbà nìkan ni mò ń gbọ́ níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀, mo kọjá lára ìyá ìjọ kan tó ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko. Ó gbọ́ ohùn obìnrin, ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, kò rí obìnrin kankan. Kí n tó délé lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi ti gbọ́. Ó ní bí obìnrin náà bá ti mọ ibi tí mò ń lọ àti ìgbà tí mo dé, kó kúkú máa bá mi se oúnjẹ pẹ̀lú.

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún Sátidé méjì. Lẹ́yìn náà ni nǹkan náà gbà mí lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ kan obìnrin náà dárúkọ nọ́ńbà kan fún eré mi, ọ̀sẹ̀ kejì mo fẹ́ kí nọ́ńbà náà lé sí i. Àgbàlagbà tó ń sá fún ewúrẹ́ lọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í bá obìnrin tí kò ní ẹsẹ̀ sáré. Mo fi rọ́bà tí mo gé lára túùbù àtijọ́ de fóònù mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí n lè máa wo nọ́ńbà náà. Mi ò wo nǹkan mìíràn mọ́.

Ẹ̀rù ṣì wà o. Ọ̀nà yẹn ni àwọn agbégilódò ń gbà, igi ńláńlá ni wọ́n ń dì sẹ́yìn, wọn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé bí awakọ̀ wọn kò tilẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run, ó ń bẹ̀rù aṣọ funfun. Bí wọ́n bá rí wòlíì lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á yà fún un, àwọn mìíràn á tilẹ̀ ké pé ká gbàdúrà fún àwọn. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ sùtánà mi gun kẹ̀kẹ́ ní Sátidé. Ẹ̀rù ló wọ̀ mí ní sùtánà náà, kì í ṣe ẹ̀mí. Ní ìjọ wa, ẹni tó bá wọ sùtánà kò gbọdọ̀ wọ bàtà, nítorí náà ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń tẹ irin kẹ̀kẹ́, eyín irin náà ń jẹ mí ní àtẹ́lẹsẹ̀, mò ń pariwo, àwọn tó rí mi sì rò pé mò ń yin Olúwa.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti sáré ju ti ìgbàkígbà lọ. Mò ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà afárá, ojú mi wà lórí fóònù, ẹnu mi là. Afẹ́fẹ́ gbé etí sùtánà, ṣéènì gbà á. Ohun tó kàn tí mo mọ̀ ni pé mo wà nínú koríko, kẹ̀kẹ́ wà lórí mi, aṣọ Olúwa sì ti dúdú fún gíríìsì.

Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sáré wá. Wọ́n fà mí jáde, wọ́n gbọn ewé lára mi. Ọ̀kan nínú wọn wò mí títí, ó wá kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, wòlíì kì í ṣubú lásán síwájú iná ẹni. Iṣẹ́ wo lẹ jẹ́ fún mi?"

Mi ò lè sọ fún un pé mò ń bá fóònù sáré ni. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní kí Olúwa bá wa ṣọ́ ẹ̀yìn wa, òun náà ṣe àmín tọkàntọkàn. Àdúrà náà kò gùn, nítorí mò ń ro àkókò tí mo ti pàdánù. Mo ya etí sùtánà kúrò lẹ́nu ṣéènì, mo gun kẹ̀kẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀gbọ́n mi, mo lu aago. Ó ké, "Ta ló ń bọ̀ níwájú?" Mi ò tilẹ̀ dá a lóhùn. Mo wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, mò ń ka nọ́ńbà fún un: bí ó ti jìnnà tó, bí mo ti yára tó, bí mo ti fi ju ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Ó na ọwọ́ wá orí mi, aṣọ tó ya ló bà. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀, ó gbóòórùn gíríìsì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti ń gbọ́ pé àwọn kan ń gun ẹṣin iná lọ sí ọ̀run, òun ò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ náà ń lọ.

Lẹ́yìn náà ó fara balẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ó ń retí. Ó bi mí bóyá wọ́n ti rí páànù fi bo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Mo ní mi ò wò ó. Ó bi mí bóyá wọ́n ń fọ epo ní ẹbu òkè, níbo sì ni èéfín rẹ̀ ń fẹ́ sí. Mo ní ó jọ pé wọ́n ń fọ̀ ọ́. Ó ní omi abẹ́ afárá ńkọ́. Ìtòsí afárá náà ni mo ṣubú sí, mi ò wo omi.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí dúró.

Ó ní, "Àbúrò, o débí, ṣùgbọ́n o ò mú ọ̀nà wá."

Nígbà náà ló sọ ohun tó ti ń fi pamọ́ fún mi. Ọmọ rẹ̀ ní bí òjò ọdún yìí bá ti tán, òun ń bọ̀ wá mú un lọ sí Ìbàdàn, nítorí obìnrin tó ń se oúnjẹ náà ti ń dàgbà, ẹ̀gbọ́n mi sì ti tẹ iná mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ilé ìdáná láìsọ fún ẹnikẹ́ni títí ọmọ náà fi rí àpá rẹ̀. Ó ti gbà láti lọ. Kò bínú sí i. Ó ní ilé náà dára, pé wọ́n ní omi ń yọ nínú ògiri.

Ó ní, "Mi ò ní rí ọ̀nà yẹn mọ́, ìyẹn ti tán. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó ọ̀nà náà dání lọ. Mi ò sì tíì kó o tán."

Láti ọjọ́ náà mo pa obìnrin inú àpò lẹ́nu mọ́. Mo bọ́ sùtánà sílẹ̀ fún ọjọ́ ìsinmi, mo wọ bàtà. Ẹ̀rù bà mí ju tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí kò sáré ni gbogbo ọkọ̀ ń bá lọ́nà, ṣùgbọ́n mo ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó bá wù mí. Mo dúró ní ẹbu títí mo fi mọ ibi tí èéfín ń lọ. Mo wo àwọn igi rọ́bà bí wọ́n ti ń ṣẹ̀jẹ̀ funfun sínú ife. Mo rí ewúrẹ́ kan tó ti gun orí dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláìnórùlé, tó dúró níbẹ̀ bí onílé. Obìnrin tí mo gbàdúrà fún pè mí láti ìdí iná rẹ̀ pé iṣẹ́ tí mo jẹ́ ti ṣẹ. Mi ò bi í pé iṣẹ́ wo, mi ò fẹ́ bà á jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi bí mo ṣe lè kó o. Ó ní kí n máa fi òórùn bẹ̀rẹ̀, nítorí òórùn ni ìrántí fi ń dìde. Bí mo bá ní púpurù, ó ní kí n sọ bóyá tútù ni tàbí èyí tó ti jó. Bí mo bá ní òjò ti rọ̀, ó ní iyanrìn àbí ẹrẹ̀. Nígbà mìíràn ọ̀nà kì í mú nǹkan kan wá, mo sì máa ń bù ú kún. Mo fún ewúrẹ́ orí dẹ́kìn ní ọmọ méjì, lọ́sẹ̀ kejì mo fún un ní ọkọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dá wọn padà sílẹ̀. Onílé ò tíì parí ilé, o ti kó ayálégbé sí i."

Ọmọ rẹ̀ pè mí láti Ìbàdàn láàárín ìgbà náà. Ó ní, "Bàbá Kékeré, mi ò rí yín lórí fóònù mi mọ́. Ṣé ara le?" Mo ní ara le, mo kàn ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Mo ṣàlàyé ohun tí bàbá rẹ̀ ń kó. Ó ní ó dáa, kí n sáà máa pe òun bí mo bá ti dé.

Òjò tán. Mo ti ń gbàdúrà kó má tán, ẹni tó ní oko kò gbọdọ̀ gbọ́. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ dé ní òwúrọ̀ Sátidé kan. A kó ẹrù ẹ̀gbọ́n mi sí i, àpótí kan ṣoṣo ni. Mo fi àgádágodo kan tí mo mú láti ṣọ́ọ̀bù ti ilẹ̀kùn rẹ̀, èyí tó dára jù nínú gbogbo ohun tí mò ń tà. Wọ́n gbé e jókòó sí iwájú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbéra, ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó bẹ awakọ̀ pé kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí àbúrò òun ṣáájú díẹ̀.

Mo gun kẹ̀kẹ́ ṣíwájú ọkọ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ìpẹ̀kun ìlú. Mò ń ké sókè bí ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́: kòtò lọ́tùn-ún, adìyẹ, iyanrìn, àwọn ọmọ ilé ìwé, ẹ rọra. Àwọn èèyàn jáde wá wò wá. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo bi í pé ẹ̀yìn ńkọ́, ohùn rẹ̀ jáde láti ojú fèrèsé ọkọ̀ pé ẹ̀yìn mọ́. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀dà ti bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ fọn fèrè. Mo yà sí koríko, wọ́n kọjá mi. Láti ìgbà tí a ti ń gun kẹ̀kẹ́ pọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi lọ síwájú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Sátidé kan dé, mo ní orúnkún ń dùn mí. Òmíràn dé, mo ní táyà rọ̀. Ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo ní eruku ti pọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí mò ń lọ bá níwájú, kò sì sí ẹni tó wà lẹ́yìn. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láàárín àgádágodo mi. Ìyàwó mi kò bú mi, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ojú mi ti fi í hàn.

Òwúrọ̀ Sátidé mìíràn ni fóònù dún. Mo gbé e, mo ní háló. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀. Kò kí mi. Ó ní, "Ta ló ń bọ̀ níwájú?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo wà nílé."

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo ti ń tẹ́tí láti àárọ̀, mi ò gbọ́ kẹ̀kẹ́. Gbé mi sínú àpò, ká máa lọ."

Mo fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, mo fi fóònù sí àpò àyà níbi tí obìnrin òyìnbó ti máa ń jókòó, mo ṣí i kó lè máa ké síta. Mo gbéra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ojú ń tì mí láti máa pariwo fún àpò ara mi láàárín ìlú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde ìlú, mo la ẹnu. Mo ní òórùn púpurù rèé, èyí tó ti jó ni. Mo ní wọ́n ti kó igi wá síwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó jọ pé ọwọ́ onílé ti kan owó, ewúrẹ́ ti kó jáde. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mò ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ kan nílé wọn lọ́hùn-ún, àti nǹkan kan tó ń rìn gẹ̀rẹ̀-gẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀. Mo pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

Níbi igi rọ́bà, mò ń sọ fún un pé wọ́n ti gbé ife tuntun kọ́ wọn. Ó dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ọkọ̀ ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ. Yà sí koríko."

Èmi kò gbọ́ nǹkan kan. Etí mi náà ti ń darúgbó, atẹ́gùn sì kún inú rẹ̀. Mo yà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan lé ilẹ̀ nígbà tí agbégilódò kan kọjá pẹ̀lú igi mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ̀n mí, ó da eruku bò mí, ó lọ. Mo dúró nínú koríko. Mo kàn bi ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tí mo mọ̀ ọ́n bi. Mo ní, "Ẹ̀yìn ńkọ́?"

Ó tẹ́tí sílẹ̀ ná. Mo gbọ́ mímí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yìn mọ́."

Netiwọ́ọ̀kì já nígbà tí mo dé afárá. Mo mọ̀ pé ó já, nítorí jẹnẹrétọ̀ náà dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ń sọ ọ́ lọ, mi ò sì dá a dúró. Mo pe ọ̀nà náà títí mo fi wọ Igbotako, kò sí ẹni tó ń gbọ́ àfi àwọn tó ń lọ lọ́nà, àwọn yẹn sì ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wòlíì.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n mi wà bí mo ti tì í. Eruku ọyẹ́ ti bo àgádágodo, adìyẹ obìnrin ìjọ yẹn sì ti sọ àtẹ̀gùn di ilé rẹ̀. Mò ń rò ó bóyá kí n yí kẹ̀kẹ́ padà nígbà tí fóònù dún.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé mo ti dé. Mo ní mo ti dé. Ó ní, "Dúró níta. Lu aago."

Mo lu ú lẹ́ẹ̀mejì. Adìyẹ náà fò dìde. Mo gbọ́ aago mi bó ṣe dún ní Ìbàdàn, ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí tó dún lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Ta ló ń bọ̀ níwájú?"

Mo ní, "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "Jókòó. O já mọ́ mi lọ́wọ́ lórí afárá. Bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀."

Mo jókòó sí àtẹ̀gùn níwájú ilẹ̀kùn tó tì, mo fi kẹ̀kẹ́ ti orúnkún. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, omi ti fà. Òkúta tí a máa ń fọ ẹsẹ̀ lórí rẹ̀ ti yọ orí, ọkùnrin kan jókòó sí i, ó ń fọ ọ̀kadà. Lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.